Àjàgbé Ta Mọ́tò fún Ọkọ Ọmọ Rẹ̀

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi. Inú ló ń bí mi nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Mo ń bọ̀ láti oko lónìí, mo bá géńdé ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń ra mọ́tò àlòkù. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ń dán, ó sanwó. Mo ní, "Ìwọ, o ò tilẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀?" Ó ní ẹni tó tà á fún òun, ẹbí òun ni. Ẹbí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rà bàbà lókè, ó ré Ìjàpá kọjá, kò yà sọ́dọ̀ Ajá, ó balẹ̀ gbì sórí bàbá kan, ọkọ ọmọ rẹ̀, àti mọ́tò aláwọ̀ ewé kan.

Ní ìlú Olókùúta, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínlàbí. Adìyẹ ló ń sìn, ẹyin ló sì ń kó lọ tà ní ìlú ńlá tó wà lẹ́yìn òkè. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀. Bí wọ́n ti ń fún un mọ́ra ni wọ́n ń fọ́ ẹyin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òun àti Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, wá ń tọ́jú owó, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè ra mọ́tò tiwọn.

Àjàgbé ni bàbá Ìbídùn. Ilé rẹ̀ wà létí odò. Ó ní oko kòkó, kò sì jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó ṣe gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun ń wá mọ́tò, ó ránṣẹ́ pè é.

"Akínlàbí, kí lo fẹ́ lọ rà lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ ilé rẹ̀? Mọ́tò mi ló wà níbí yìí. Èmi nìkan ni mo ń wà á. Mú owó wá, kí o máa gbé e lọ."

Akínlàbí dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Ráímì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ jù ní Olókùúta.

Ráímì ní, "Àárọ̀ kùtù ni ká lọ. Kí o fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Tí o bá bá a ní gbígbóná, wọ́n ti tàn án kí o tó dé nìyẹn, ohun kan ni wọ́n ń bò. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, wo ìpẹtà. Lẹ́yìn náà, kí o wà á gun òkè, kí o sì wà á sọ̀ kalẹ̀. Gígùn nìkan kọ́. Sísọ̀ ló ń fi búréèkì hàn. N ó bá ọ lọ."

Wọ́n jọ lọ. Àjàgbé rí Ráímì lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ta lèyí?"

"Mẹkáníìkì ni, Bàbá. Ó fẹ́ bá wa wo mọ́tò náà."

"Nígbà tí o wá fẹ́ ọmọ mi, ṣé o mú dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ráímì wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ìtìjú ti mú un, ó yí padà lọ sílé. Ó ku àna àti àna.

Akínlàbí fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná janjan. Oòrùn kò tíì yọ, mọ́tò ti gbóná. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti tàn án kí n tó dé?" Àjàgbé bá bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ọwọ́ ta ló ń kan mọ́tò mi?
Ègbè: Àna kì í tan àna.
Lílé: Ṣé ọmọ tí mo fún ọ kò sunwọ̀n ni?
Ègbè: Àna kì í tan àna.
Lílé: Ẹni fún ọ lọ́mọ, yóò ha fún ọ níyà?
Ègbè: Àna kì í tan àna.

Akínlàbí fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ kí ó lè gbé kápẹ́ẹ̀tì. Òórùn ẹrẹ̀ gbá a nímú, fììì. Kò tíì gbé e tán tí orin tún ta lẹ́yìn rẹ̀:

Lílé: Kí lo ń wá lábẹ́ ẹní mi?
Ègbè: Àna kì í tan àna.
Lílé: Ṣé olè lo fẹ́ pe bàbá ìyàwó rẹ?
Ègbè: Àna kì í tan àna.

Ó fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Kò wà á dé ẹsẹ̀ òkè. Ó ń rò ó pé bí òun bá kọ mọ́tò yìí, gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́ pé òun pe àna òun lólè. Ó ka owó ọdún mẹ́ta lé bàbá náà lọ́wọ́.

Ṣijúwadé, kí lo ń bi mí? Pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni wọ́n ṣe tọ́ òun náà, pé a kì í bá àgbà jiyàn. Àgbà tó bá wá mọ̀ pé wọ́n tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tó sì fi jẹ ọ́ níyà, kí la ó pe irú àgbà bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó rà á, Akínlàbí to ẹyin sẹ́yìn mọ́tò, Ìbídùn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́tò gun òkè, tú-tú-tú, èéfín funfun ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dé orí òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Akínlàbí tẹ búréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gbọ̀rọ̀, bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfo.

Ìbídùn ní, "Ẹ dá a dúró."

"Kò dúró."

Àwọn obìnrin tó ń yan gàárì wà nísàlẹ̀ òkè, àwọn ọmọ wọn ń ṣeré níwájú wọn. Akínlàbí rí wọn. Ó yí mọ́tò sọ́tùn-ún, ó darí rẹ̀ sínú òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sílẹ̀. Gbàà! Ẹyin fọ́ yángá. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n apá òsì Ìbídùn ró pà bí igi gbígbẹ.

Ráímì ló wá wo mọ́tò náà. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó funfun bí ògì. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì, ó bá ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ìkarahun odò wẹ́wẹ́. Ó fa páìpù búréèkì, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ní, "Odò tó kún lọ́dún tó kọjá ti gbé mọ́tò yìí mì rí. Ẹni tó fi aṣọ nù ún mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn kò sunkún. Bí wọ́n ti to eegun apá rẹ̀ tán, tí wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, ó dìde, ó kọrí sílé bàbá rẹ̀. Akínlàbí tẹ̀lé e. Ráímì fi okùn so mọ́tò náà mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó fà á tẹ̀lé wọn. Mọgàjí, àgbà gbogbo agbo ilé wọn, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àjàgbé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí wọn. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mọ kí ni? Mọ́tò gidi ni mo tà. Ọkọ rẹ ni kò mọ mọ́tò wà."

Akínlàbí bọ́ síwájú. "Bàbá, mo fi ọwọ́ kàn án, ẹ kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó, ẹ kọrin. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín, òun lẹ fi dè mí lọ́wọ́."

Mọgàjí gbé ọwọ́ sókè. "Ráímì, ṣé mọ́tò yìí ṣì lè rìn?"

"Ó lè rìn, Bàbá. Dídúró ni kò mọ̀."

"Ó dáa. Àjàgbé, o ní mọ́tò gidi ni. Wọ inú rẹ̀. Ráímì yóò fi gbé ọ gun òkè, yóò sì fi gbé ọ sọ̀ kalẹ̀."

Àjàgbé kò mira. Ìbídùn bá gbé orin náà. Ẹ gbè é, ẹ má fi ṣeré:

Lílé: Bàbá mi, ẹ wọ mọ́tò yín o.
Ègbè: Àna kì í tan àna.
Lílé: Ẹ jókòó síbi tí mo jókòó sí.
Ègbè: Àna kì í tan àna.
Lílé: Apá mi rèé, ẹ wò ó dáadáa.
Ègbè: Àna kì í tan àna.

Àjàgbé dìde. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó yọ ọwọ́ kúrò. Ó padà lọ jókòó.

Ìyá Ìbídùn dáhùn láti inú ilé. "Kò ní wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí odò ti gbé e, kò jẹ́ kí èmi náà wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó sí. Oko ni mo wà tó fi tà á fún ọmọ mi."



Mọgàjí dá ẹjọ́: kí Àjàgbé dá gbogbo owó padà, kí ó san owó ẹyin, kí ó san owó ẹni tó to eegun. Àjàgbé wá rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé mọ́tò náà lọ sọ́nà jíjìn. N ó rí àlejò kan tà á fún, n ó sì fi san owó wọn."

Ẹ ò gbọ́ bí? Lójú apá ọmọ rẹ̀ tó kán.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ síbi àpótí iṣẹ́ Ráímì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú òòlù. Ó ní, "Ọmọ ẹlòmíràn náà ní apá." Ó là á mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò náà, gbàù. Akínlàbí mú òòlù kejì. Mọgàjí kò dá wọn lẹ́kun. Wọ́n fọ́ ọ títí kò fi jọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè wà mọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì wá kó o lọ.

Oko kòkó ni Àjàgbé tà kí ó tó lè san owó náà. Apá Ìbídùn jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀. Ó ṣì máa ń lọ kí bàbá rẹ̀. Ó máa ń kúnlẹ̀. Kì í jókòó.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ egungun inú rẹ̀. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ra ohun àlòkù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń tà á. Ọ̀wọ̀ kò ní kí á di ojú wa. Ó sì kọ́ wa pé ohun tí o ò lè jókòó sí, má tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ má wo ọjà òun, ẹ̀yin ọmọ mi, òun gan-an ni kí ẹ wò dáadáa.