Eegun Ẹ̀yìn Pijó Bàbá Ajíbóyè

"Bí a bá fẹ́ fún arúgbó ní ẹsẹ̀ ọ̀dọ́, ká kọ́kọ́ bi eegun ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè." Ní agbègbè wa, àwọn tí kò mọ bí a ṣe ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì pàápàá ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ọgbà mẹkáníìkì ni wọ́n ti bí i, àti pé ọkọ̀ ni arúgbó náà?

Bàbá Ajíbóyè, awakọ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ló ni Pijó náà. Ọkọ̀ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Inú rẹ̀ ni Adérónpé ìyàwó rẹ̀ kú sí, nígbà tí ó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Òkè ńlá kan wà láàárín abúlé wọn àti ìlú, ọkọ̀ náà sì ń gùn ún bí ìgbín. Kí wọ́n tó dé orí òkè, Bàbá pè é lórúkọ, kò dáhùn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìdí Bàbá kò ti gbélẹ̀. Ìyùnadé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé pẹ̀lú oyún oṣù méje. Bí Bàbá bá ti wo ikùn rẹ̀, òkè yẹn ló ń rí. Ó lágbára láti ra ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n òkú kò tíì pé ọdún, kò sì fẹ́ kí ayé sọ pé ikú ìyàwó ló sọ òun di ọlọ́kọ̀ tuntun.

Nítorí náà, ara ọkọ̀ yóò wà bó ṣe wà. Inú rẹ̀ ni yóò yí padà. Wáídì mẹkáníìkì bá a rí ẹ́ńjìnnì jíìpù kan tó dé láti òkè òkun, irú èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, bí ẹwìrì ṣe ń fẹ́ iná alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi tí wọn yóò gé àti ibi tí rédíétọ̀ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára yóò sún sí. Kí wọ́n tó ṣí ọgbà láàárọ̀, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wáídì ní kó ṣe sùúrù. Ó dá a lóhùn pé sùúrù lòun fi gun òkè lọ́jọ́sí.

Àṣà ọgbà náà ni pé ẹ́ńjìnnì àjèjì kì í wọ ọkọ̀ kí Làmídì, àgbà tó ń fi òòlù tún ara ọkọ̀ ṣe, tó fi èkù òòlù kan irin abẹ́ rẹ̀, kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Bàbá kò gbà. Ó ní òun mọ ọkọ̀ òun. Àánú kò jẹ́ kí Wáídì jiyàn. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì jíìpù náà sókè, kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́, Làmídì wá láìpè, ó yí wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí gbé?"

"Ìyùnadé ni."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́."

Ó kan irin iwájú. Ó dún bí agogo. Ó kan àárín. Ó dún bí ẹni ń gbá ìbẹ́pẹ tó ti rà. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, èkù òòlù lu irin tó ti dípẹtà náà já.

"Ẹ fẹ́ fún arúgbó lẹ́sẹ̀ ọ̀dọ́, ẹ ò bi eegun ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè," ni Làmídì wí. "Tó bá sáré, ẹ́ńjìnnì á dé ilé ìwòsàn. Àga ọmọ yín á kù sórí òkè."

Bàbá lóṣòó, ó fọwọ́ kan ibi tó lu náà, ìpẹtà sì kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò fi jó irin náà pọ̀. Làmídì ní oṣù mẹ́ta. Oyún kò ní dúró de oṣù mẹ́ta. Ó dìde, ó ní kí Wáídì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló di ẹrù Ìyùnadé sẹ́yìn Pijó, ó ń gbé e lọ sílé àǹtí ọkọ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, kó lọ dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ náà gun òkè bí ìgbín. Nígbà tí wọ́n dé orí rẹ̀, Bàbá pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ó dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbé agbára tuntun lé ohun àtijọ́ láìwo ohun tí yóò rù ú. Wọ́n sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pa á fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó fẹ́ fi eré lé ohun tó ti kọjá bá.