Iṣu Jíjẹrà ní Oríta

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní gbogbo ìgbà, tí a kì í dúró wo ojú rẹ̀: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Àgbà wo ni? Kí ló ṣe tí wọ́n fi fẹ́ pè é ní wèrè? Bí àgbà bá sì gbọ́n, kí ló tún fẹ́ fi ọgbọ́n ẹlòmíràn ṣe? Ẹni tó bá rò pé àárín àwọn ìjòyè ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá kò tíì gbọ́ ìdí rẹ̀. Inú òórùn iṣu jíjẹrà ló ti jáde.

Láyé ọjọ́un, ìlú mẹ́rin wà tí wọn kò jìnnà síra wọn: Ìdí-Apá, Àbàtà, Òkè-Arò àti Ìsàlẹ̀-Odò. Iṣu ni gbogbo wọn ń gbìn, iṣu sì ni iyì wọn. Ọkùnrin tí àká rẹ̀ bá kún, òun ni wọ́n ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí iṣu rẹ̀ bá ń bàjẹ́, wọn kì í fẹ́ fún un ní ìyàwó. Nítorí náà, nígbà tí àrùn kan wọ inú àká, tí iṣu tó le koko lánàá ń di omi lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e lónìí, kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta. Kálukú ń ti ilẹ̀kùn àká rẹ̀, ó ń kó èyí tó bàjẹ́ lọ sin sínú igbó. Ìlú kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ni ọ̀ràn náà bá. Bẹ́ẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n tí baba wọn fi sílẹ̀ lórí ìtọ́jú iṣu, wọn kò sì jẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ ìyá wọn tó bá lọ́kọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tó di ọdún kejì, ìyàn mú. Wọ́n jẹ iṣu tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èbù tó yẹ kí wọ́n gbìn.

Ìyá Àjíún ni obìnrin tó dàgbà jù lọ ní Ìdí-Apá. Òun ló gbẹ̀bí Baálẹ̀ tó wà lórí oyè nígbà náà, bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin a máa ṣí fìlà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, Ìbídùn, bímọ sínú ìyàn yìí. Ọmọ ń fa ọmú, ọmú gbẹ. Ó sunkún títí igbe rẹ̀ kò fi ju ti ẹyẹ lọ mọ́. Ìyá Àjíún ń gbọ́ igbe yìí láti yàrá rẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó dìde, ó wọ inú àká rẹ̀ lọ, ó jókòó sáàárín àwọn iṣu tó ti rà. Kò kó wọn dànù. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn, ó ń fi èékánná ha wọ́n wò.

Ó rí i pé ojú ibi tí ọkọ́ ti ṣá ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n ń hú wọn ni ìjẹrà ti wọlé. Ṣùgbọ́n ó tún rí méjì tí ọkọ́ ṣá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tí wọn kò jẹrà. Ó wò wọ́n títí, kò rí ìdí rẹ̀.

"Àká kan ṣoṣo rèé," ó wí fún ara rẹ̀, "ojú èmi nìkan ló sì ń wò ó. Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ó gbé agbọ̀n, ó jáde.

Ilé Akínlùsì, olórí àgbẹ̀ ìlú, ló kọ́kọ́ yà sí. Ìdílé Akínlùsì lókìkí pé iṣu wọn kì í bàjẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà àká rẹ̀.

"Akínlùsì, ọmọ mi, iṣu rẹ tó jẹrà ni mo wá tọrọ."

"Iṣu tiwa kì í jẹrà, Ìyá."

Òórùn ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde bí ó ti ń sọ ọ́. Ìyá Àjíún ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ òórùn kankan.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyíkéyìí bá ṣèèṣì jẹrà, jọ̀ọ́, má sin ín. Gbé e wá fún mi, kí o sì sọ gbogbo ohun tí o ṣe sí i láti ọjọ́ tí o ti gbìn ín."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa wò ó ni, Ìyá?"

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ni yóò máa wò ó."

Akínlùsì mi orí, ó fa ilẹ̀kùn àká rẹ̀ dé.

Oríta kan wà níbi tí ọ̀nà ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé. Ibẹ̀ ni ìyá ta àtíbàbà sí, ó fi màrìwò bo orí rẹ̀, ó sì to iṣu jíjẹrà tirẹ̀ sílẹ̀ gbangba, kí gbogbo ayé máa rí i. Ó rìn lọ sí àwọn ìlú yòókù, ó ń tọrọ tiwọn. Àwọn kan lé e. Àwọn obìnrin kan ṣàánú rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀kan tàbí méjì sínú agbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé oríta ni wèrè máa ń fi ṣe ilé, àkìtàn ni wèrè máa ń ṣà. Kò pẹ́ tí àwọn èrò ọ̀nà fi ń fọwọ́ bo imú, tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé, "Orí ìyá àgbà yìí ti dàrú."

Ẹni àkọ́kọ́ tó dúró tì í kò wá fún ire. Lámúyè ni, àgbẹ̀ kan láti Àbàtà, ìjà ló bá wá.

"Ta ló ní iṣu ìlú wa ń jẹrà?" ó bú ramúramù.

"Obìnrin yín kan ló fún mi," ni ìyá dá a lóhùn. "Ó ní inú ebè tó ga ní ìgbọ̀nwọ́ méjì ni wọ́n ti wa á, ó sì ti lo oṣù mẹ́jọ nílẹ̀."

"Ìgbọ̀nwọ́ ta ni? Ṣé tiyín tàbí tèmi?" Lámúyè na apá rẹ̀ gígùn síwájú rẹ̀. "Oṣù wo sì ni? Ẹ̀yin ń ka oṣù láti ọjọ́ tí ẹ gbin èbù. Àwa ń kà á láti ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀. Ìyá, gbogbo ohun tí ẹ tò síbí, irọ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín kò sì mọ̀ pé irọ́ ni."

Ìyá Àjíún wo apá Lámúyè, ó wo tirẹ̀ tó kúrú. Ó wo àwọn iṣu tó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ tò. Òtítọ́ ni ọkùnrin yìí sọ, ó sì dun ìyá dé ọkàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Lámúyè, jókòó. Ìwọ ni mo ti ń retí."

Inú Lámúyè rọ̀. Wọ́n gé ọparun kan, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé gígùn rẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn máa fi wọn ebè. Wọ́n gé irú rẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọjọ́ tí èbù bá wọlẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Lámúyè kó àwọn ọparun náà, ó ní òun yóò gbé wọn kiri. Ó lọ, ìyá kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Igbe ọmọ Ìbídùn ti ń lọ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Akínlùsì àti àwọn ọkùnrin kan dé oríta, okùn wà lọ́wọ́ wọn. Akínlùsì kò lè wo ojú ìyá.

"Baálẹ̀ ló rán wa, Ìyá. Ẹ ti tú ìdí ìlú síta fún àjèjì. Orí yín ti dàrú. Wọ́n ní kí a mú yín wálé, kí a kan àbà mọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ má baà rìn kiri mọ́."

Baálẹ̀, ọmọ tí òun fi ọwọ́ ara òun gbà sáyé, ló fẹ́ ti ẹsẹ̀ òun bọ inú igi. Omi lé ròrò sí ojú Ìyá Àjíún. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dè mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún àwọn iṣu yìí tò."

Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn ni wọ́n gbọ́ ohùn ènìyàn lójú ọ̀nà Àbàtà. Lámúyè ló ṣáájú, ọparun wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin àti obìnrin sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí àwọn ará Òkè-Arò fi yọ lápá kejì. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tún ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Òórùn bo gbogbo oríta, kò sì sí ẹni tó bo imú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń wo agbọ̀n èkejì, ẹnu yà wọ́n. Àṣé bákan náà ni ojú ti ń ti gbogbo wọn!

Lámúyè sún mọ́ ìyá, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Tiwa kò ní èyí tó dáa kankan nínú. Bí a ti ń wa á la ń so ó mọ́ àká, a kì í ṣe nǹkan kan sí i. Gbogbo rẹ̀ ló rà."

"Tiyín gan-an ni mo nílò," ni ìyá wí. "Bí a kò bá rí èyí tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, kí la ó fi mọ̀ pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Kálukú ń sọ tirẹ̀ sókè, láìfi bò. Àwọn ará Òkè-Arò ní àwọn kì í fi ọkọ́ wa iṣu, igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni àwọn ń lò. Àwọn iṣu wọn tí kò lọ́gbẹ́ dá ṣáṣá. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ní àwọn a máa tẹ́ iṣu sábẹ́ ibòòji kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ kí àwọn tó so ó. Ìdajì tiwọn ló rà. Nígbà náà ni opó kan láàárín wọn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró bọ́ síwájú, ó tú agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Iṣu tirẹ̀ lọ́gbẹ́ bíi ti gbogbo ayé, kò sì sí ọ̀kan tó jẹrà nínú wọn.

Gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn.

"Mo máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji bíi ti ilé ọkọ mi," Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀."

Akínlùsì fò sókè. Ọmọ ilé wọn ni Àwẹ̀ró, ó ti rí i lọ́wọ́ baba wọn kó tó lọ sílé ọkọ. "Eérú! Ta ló ní kí o tú àṣírí baba wa?"

"Ebi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Àjíún dìde dúró. Láti ibi tó wà, ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: èyí tó rà pátápátá, èyí tó rà díẹ̀, èyí tó dá ṣáṣá, bí wọ́n ti tẹ̀ léra wọn lórí ilẹ̀ bí ìlà ojú ènìyàn. Àwọn méjì inú àká rẹ̀ tí ọkọ́ ṣá tí wọn kò rà, ó rántí wọn wàyí: ẹ̀gbẹ́ àká tó kọjú sí ààrò ilé ìdáná ni wọ́n wà, níbi tí eérú ti ń fò bá wọn. Orí rẹ̀ wú. Ohun tí kálukú àwọn baba ńlá wọn mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n kú tí wọn kò mọ ìyókù rẹ̀, òun ló tẹ́ sílẹ̀ yìí nínú erùpẹ̀ oríta, tí ẹnikẹ́ni tó bá lójú lè rí. Ó wo yíká, ó rí i pé àwọn ọkùnrin tó mú okùn wá ti ṣí fìlà, wọ́n dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó wà níwájú ojúbọ.

Akínlùsì ju okùn sílẹ̀. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Wọ́n rò pé ìbínú ló bá lọ. Nígbà tó padà dé, agbọ̀n iṣu jíjẹrà ló wà lórí olórí àgbẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i léjìká lójú gbogbo ayé. Ó kúnlẹ̀, ó tò ó sáàárín èyí tó rà díẹ̀.

"Tèmi rèé," ó wí. "Eérú ni mo fi pa á, ọjọ́ náà ni mo sì so ó. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́ kó gbẹ."

Àwẹ̀ró fún Ìbídùn nínú iṣu rẹ̀. Ó jẹun, ọmú rẹ̀ sẹ̀, ọmọ náà sì yè. Èyí tó kù nínú iṣu tó dá ni wọ́n pín ṣe èbù fún ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igi ni gbogbo wọn fi wa iṣu lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi eérú pa èyí tó bá lọ́gbẹ́, wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Àká kún. Wọn kò sì tú àtíbàbà oríta ká. Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pawọ́ pọ̀ tún orí rẹ̀ bò, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá wá wo tẹlòmíràn, kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, ìbáà dára, ìbáà bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ iṣu tuntun, Baálẹ̀ wá sí ilé Ìyá Àjíún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì mí, Ìyá. Ọgbọ́n yín ló gba ìlú là."

Ìyá Àjíún fà á dìde.

"Ọgbọ́n mi kọ́ o. Ìwọ̀n jẹ́ ti Lámúyè, igi jẹ́ ti Òkè-Arò, ibòòji jẹ́ ti Ìsàlẹ̀-Odò, eérú jẹ́ ti ilé Akínlùsì. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ti jókòó sílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi, inú àbà lẹsẹ̀ mi ìbá wà, ẹ ìbá sì gbà pé òótọ́ ni orí mi dàrú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kò jẹ́ kí ẹ pe àgbà ní wèrè."