Ìdí Tí Taya Ẹ̀yìn Kì Í Fi Í Jowú Taya Iwájú

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, níbikíbi tí ìtàn yìí bá ti bá yín. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó rọ òjò sórí oko wa tí kò jẹ́ kí òjò gbé wa lọ, tó mú wa jáde lọ́nà gbogbo tó sì tún mú wa padà wọlé. Bí a bá ní ká ka oore rẹ̀ tán, ahọ́n á rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọpẹ́ ṣíwájú, kí ìtàn tẹ̀lé e.

Ní Òkè-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká, bí ọmọ ìyá méjì bá ń du ipò, tàbí tí akọrin kan bá ń fajú ro nítorí pé wọn kò fi òun sí ìlà iwájú, àgbà kan á kàn wí pé, "Taya ẹ̀yìn kì í jowú taya iwájú." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wo ẹnu àgbà náà. Kí ni rọ́bà mọ̀ nípa owú? Àwọn mìíràn rò pé ohun tí òwe náà ń wí ni pé kí ẹni ẹ̀yìn gba ipò rẹ̀, kó máa wọ́ tẹ̀lé ẹni iwájú. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ irú ọkọ̀ tó bí òwe náà.

Ọmọkùnrin méjì ni Màmá Dèbórà bí. Bùsúyì ni àkọ́bí. Pákó ló ń tà, Ọlọ́run sì bù sí i fún un, ó fi ra jíìpù ńlá dúdú kan tó ń dán débi pé ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí wé gèlè. Jíbọ́lá ni àbúrò, olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Nígbà tí òun náà yóò ra ọkọ̀, kékeré ló rà, tòkúnbọ̀ tí apá rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré náà ní ohun kan lára. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé taya méjì péré ni ẹ́ńjìnì ń yí, méjì yòókù kàn ń yí tẹ̀lé wọn ni, bí ẹni tó bá ẹlẹ́rù rìn láìgbé ẹrù. Nínú ọkọ̀ Jíbọ́lá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì ń yí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà.

N kò ní purọ́ fún yín nípa rẹ̀. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà, kò sí ohun tí ènìyàn á tìtorí rẹ̀ pariwo. Bó bá fẹ́ ya ọkọ̀ àjàgbé sílẹ̀, á kọ́kọ́ kérora, Jíbọ́lá á sì ní sùúrù títí iwájú á fi mọ́ kedere. Ẹ̀yìn rẹ̀ há, ariwo ọ̀nà sì ń wọlé bá èrò tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tó ń mu kò tó nǹkan, àti pé bí òjò bá rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ mìíràn bá ń yọ̀ ní kọ́nà, tirẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí alángbá lára ògiri. Ọ̀nà oko kòkó Màmá, tó jẹ́ òkúta àti ẹrẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń dé ibẹ̀ lásìkò òjò àfi òun. Ìgbà tí Màmá kọ́kọ́ rí i tó ń gun òkúta láìwo ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ ní Ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lójúde, á ní, "Ewúrẹ́ mi ti dé."

Owú kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Bùsúyì ló ń ra ẹran fún Màmá, òun ló kan òrùlé tuntun sí ilé rẹ̀, Màmá sì ń wúre fún un títí ẹnu á fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ jíìpù rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń gún Bùsúyì lọ́kàn bí èérún pákó tó wọ ìka, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ní agolo sàdínì. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ sí i níwájú àwọn èèyàn, ó ní, "Jíbọ́lá, ṣé o ti gbé ọmọ yìí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

Jíbọ́lá ní, "Ó ti gbà á, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù kó wá kọ́ ìrìn lọ́dọ̀ tiyín."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bùsúyì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló fi rín in.

Lọ́dún náà, àìsàn gbé Màmá dè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí ibùsùn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbé òun dìde, òun yóò jó níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, ọmọ òun méjèèjì á sì dúró ti òun lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́run gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà ní orí Òkè Fẹsẹ̀tẹlẹ̀, orúnkún Màmá kò sì lè gun òkè náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ìkórè wọn le: ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè síwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń pè é. Ìdílé tí wọ́n bá pè tí kò sí níbẹ̀, ó di àmọ́dún. Ta ló sì mọ àmọ́dún fún arúgbó?

Àṣà kan tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ipò àgbà ni ìdílé fi ń tò gun òkè, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀. Àbúrò kì í ya ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Jíbọ́lá tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó ní ilẹ̀ òkè á ti rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí Màmá bá òun lọ. Bùsúyì wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ mi ni kò tó ìyá mi gbé, àbí èmi fúnra mi?" Màmá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó káṣọ, ó wọ jíìpù.

Lórí ọ̀dà, jíìpù ń sáré bí ẹni pé ọ̀nà jẹ́ ti bàbá rẹ̀, Ewúrẹ́ sì ń kérora tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Jíìpù fi eré gun òkè dé àárín, ibẹ̀ ni taya iwájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú kan, ó ń da ẹrẹ̀ sókè. Taya ẹ̀yìn dúró gẹlẹtẹ, kò bá wọn dá sí i. Bùsúyì tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà rọra yọ̀ padà sẹ́yìn, ó sì ti ìdí bọ inú kòtò àgbàrá. Màmá pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan. Ohunkóhun kò ṣe é.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ gun òkè ń kọjá lọ. Ìyá kan tó ru ọ̀pẹ̀ òyìnbó dúró wò wọ́n, ó ní, "Bàbá Onípákó, ṣé kò sí pákó kan tí ẹ lè kì bọ abẹ́ rẹ̀ ni?" Ó tún ní kí wọ́n yára, pé òun ń gbọ́ ọ láti òkè, ìdílé Ìdí-Ìrókò ni wọ́n ń pè lọ́wọ́, ìdílé tiwọn ló sì kàn lẹ́yìn wọn.

Àyè koríko kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré lè gbà. Ṣùgbọ́n Jíbọ́lá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àṣà ló ń pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni; ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń wí pé kí ẹ̀gbọ́n òun ro iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò díẹ̀. Láti kékeré, ẹ̀wù tí Bùsúyì bá wọ̀ gbó ló ń wọ̀. Ẹ̀yìn ti sú u. Owú kan ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí kò ní ìbejì lọ́dọ̀ àbúrò.

Màmá sọ gíláàsì ilẹ̀kùn kalẹ̀, ó pe àwọn méjèèjì.

"Bùsúyì, kí ló dá wa dúró?"

"Taya ló ń yọ̀, Màmá."

"Èwo nínú wọn?"

"Ti iwájú."

"Ti ẹ̀yìn ńkọ́?"

Bùsúyì wolẹ̀. "Ti ẹ̀yìn kì í fà, Màmá. Ó kàn ń tẹ̀lé ni."

"Jíbọ́lá, ti Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń fà, Màmá. Tó bá sì di òkè, tí ọkọ̀ bá gbórí sókè, ẹ̀yìn ni ìwúwo rẹ̀ ń sọ̀ sí. Ti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ jù."

Arúgbó náà mi orí. Ó ní, "Ọ̀kan nínú yín ń bẹ̀rù kí òun má bọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn sì ti sú ìkejì. Èmi ò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gbé mi gòkè, ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì sì ni."

Bùsúyì ní kí Màmá máa bá Jíbọ́lá lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn. Màmá dá a lóhùn pé, "Mi ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọmọ kan."

Wọ́n gbé Màmá sí iwájú Ewúrẹ́. Bùsúyì, gbogbo títóbi rẹ̀, tẹrí ba wọ ẹ̀yìn, ó jókòó sáàárín iṣu ìkórè, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Jíbọ́lá di ọwọ́ ìdarí mú, ṣùgbọ́n kò tíì lè lọ. Ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ ya ọkọ̀ yín sílẹ̀."

Bùsúyì ní, "Èmi nìyí nínú tìrẹ. Ta lo fẹ́ yà sílẹ̀?"

Ewúrẹ́ gba orí koríko kọjá lára jíìpù. Kò sáré, kò sì dúró. Nígbà tó dé ibi tí òkè ti ga jù, ó gbé imú sókè, taya iwájú sì yọ̀. Ọkàn Bùsúyì já. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀: taya ẹ̀yìn gé ilẹ̀ jẹ, ó dì í mú, ọkọ̀ náà sì rú síwájú bí ẹni tí wọ́n fi èjìká tì.

Jíbọ́lá ké sí i láìwẹ̀yìn pé, "Ẹ má sún kúrò níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ̀n yín ló ń jẹ́ kó mú ilẹ̀."

Bùsúyì tún ara ṣe, ó jókòó dáadáa.

Màmá rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Taya ẹ̀yìn kì í jowú taya iwájú. Níbi tí òkè bá ti le, òun ni gbogbo ọkọ̀ ń wò lójú."

Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́ tí Àlùfáà ń pe orúkọ ìdílé wọn. Màmá Dèbórà jó dé iwájú pẹpẹ, ijó arúgbó, ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nílẹ̀. Bùsúyì wà lọ́tùn-ún, Jíbọ́lá wà lósì, ẹrẹ̀ pupa sì wà lára ṣòkòtò àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ọkùnrin ìjọ lọ gbé jíìpù jáde, pákó Bùsúyì náà sì ni wọ́n kì bọ abẹ́ rẹ̀. Màmá dúró ń wò ó, ó ní, "Erin ni èyí. Ilẹ̀ títẹ́jú ni tirẹ̀." Bùsúyì gbọ́ orúkọ náà. Wọ́n ní fèrè ọkọ̀ ló ń fọn dé ilé.

Ìkórè ọdún tó tẹ̀lé e, Erin ló gbé Màmá lórí ọ̀dà, Ewúrẹ́ ń kérora bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Bùsúyì pa ẹ́ńjìnì, ó gbé ìyá rẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn bi í pé irú kí ni àgbà ń ṣe ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré. Ó dá wọn lóhùn, ó ní taya ẹ̀yìn kì í jowú taya iwájú. Ibẹ̀ ni òwe náà ti gba ìlú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkè ayé yín ga ju agbára yín lọ. Bó bá fi yín ṣíwájú, ẹ kò ní yọ̀ ṣubú; bó bá fi yín sẹ́yìn, iṣẹ́ yín níbẹ̀ kò ní ṣòfò. Owú kò ní ya ẹ̀yin àti ọmọ ìyá yín. Ìkórè tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wa ni yóò pé níwájú pẹpẹ. Àmín.