Agolo Gírísì Kan fún Ọkọ̀ Bàbá

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìfẹ́ kò ní àṣejù nínú, kó lọ bi Làníyọnu.

Ọkọ̀ Píjò àtijọ́ kan ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ẹbí ní kó máa tọ́jú rẹ̀, àmọ́ bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohunkóhun jẹ́ níbẹ̀, Àkànjí àbúrò rẹ̀ ni yóò gbà á. Ọkọ̀ ń lọ dáadáa, àfi aago iwájú awakọ̀ tó ń ka bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, tó ń han bí eku tí pàkúté mú.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn onírin tó ń yí i ló gbẹ. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á. Ẹ má fi kan ibi tó wọ inú aago o."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ọkọ̀ bàbá mi!"

Odindi agolo ló fi pa á látòkè délẹ̀, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí okùn ṣe ń yí ló ń fa gírísì gòkè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti kún inú aago, abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òdo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, olórí ẹbí, wá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìfẹ́ ni, Bàbá."

"A rí i. Ó ń kán sílẹ̀."

Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún Àkànjí, ẹni tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí láyé. Lónìí, adìyẹ mẹ́rìnlá ló ń yé ẹyin sórí ìjókòó ọkọ̀ náà. Ẹbí kò tíì pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ adìyẹ.