Ẹtu àti Igi Àgbálùmọ̀ Inú Ọyẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí òrùlé, kò bà lójúde. Inú igbó ló balẹ̀ sí, lẹ́bàá Ẹtu àti Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ní ìgbà kan rí, ọyẹ́ mú gan-an. Gbogbo ewé gbẹ háúháú. Èèpo igi àti iṣu gbígbẹ ni àwọn ẹranko ń jẹ. Kò pẹ́, àìsàn wọlé. Eyín ń mì lẹ́nu. Èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré kò jinná. Erin pàápàá ń fara ti igi kó tó lè dìde! Ṣùgbọ́n ti Àwẹ̀ró ló le jù. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ibì kan tẹ́lẹ̀, kò lè nàró mọ́.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín igbó náà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbìn ín. Nígbà tí igi yòókù wọ́wé, òun so jìngbìnnì. Èso rẹ̀ ń tàn nínú kùrukùru ọyẹ́ bí ẹgbẹ̀rún fìtílà. Háà! Ẹni tó bá rí i, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ mẹ́wàá. Kò pẹ́, èrìgì rẹ̀ jinná. Ó ní, "Tèmi nìkan nìyí!" Ló bá fi osùn kun ẹnu kó lè jọ ẹ̀jẹ̀, ó ń yí nílẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ má jẹ ẹ́ o,
*Jáńjálá!*
Ikú ló so lórí igi,
*Jáńjálá!*
Ẹni bá jẹ ẹ́, ahọ́n rẹ̀ á já,
*Jáńjálá!*

Gbogbo ẹranko fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀bọ bá ń kó èso náà pamọ́ sínú ihò igi ńlá kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ní, "Ìyá mi, ẹnu ń dùn mí. Mi ò lè jẹun mọ́."

Ẹtu dìde. Ó gba abẹ́ igi náà lọ. Èso kan já bọ́ síwájú rẹ̀, pọ̀!

Ó ní, "Ìwọ igi yìí, bí ikú bá wà nínú rẹ, èmi ni kó o pa. Má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Ó dijú, ó bù ú jẹ. Ó kan, ó dùn. Ó jókòó, ó ń retí kí ahọ́n òun já. Oòrùn dé àtàrí. Ahọ́n wà níbẹ̀.

Ó gbé èso méjì délé, ó fún omi rẹ̀ sí Àwẹ̀ró lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ dá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ dìde! Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó rìn. Ẹtu wólẹ̀ níbi tó wà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èso wẹ́wẹ́ yìí! Irú agbára wo ló wà nínú rẹ?"

Ó sáré pe àwọn yòókù. Bí wọ́n ti ń kọjá lọ síbi igi náà, wọ́n gbọ́ ìkérora nínú ihò igi ńlá kan.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ọ̀bọ ni! Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí!"

Ó ti jẹ àjẹkì. Ikùn rẹ̀ wú bí ìkòkò, kò lè gba ẹnu ihò jáde. Èso tó kù ti rà mọ́ ọn lára.

Erin ní, "Ahọ́n tó já náà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Erin fi ọwọ́jà fà á yọ, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹtu ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Àwa ò lè gun igi, òun lè gùn ún. Ọ̀bọ, láti òní lọ, bí o bá ń jẹ lókè, máa jù fún wa nílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí èso náà jẹ, tí ara wọn sì yá.

Títí dòní, níbi tí ọ̀bọ bá ti ń jẹ èso lókè igi, ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ẹtu níbẹ̀, tó ń ṣà á jẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fojú di èso. Ó ń mú èrìgì le, ó ń jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná, ó ń fún ara lókun. Ohun tí Ẹlẹ́dàá sì fi ṣe ìwòsàn gbogbo ayé, ẹni tó bá fẹ́ dá a jẹ, ikùn ara rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.