Ẹfúnróyè Tó Tú Ilé Rẹ̀ Nítorí Àká

Ní ọdún kẹta tí ogun ti ń jà káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn, Ògúnjìnmí, jagunjagun tí kò ní ìlú tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ní, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá dó sí ẹ̀yìn odi Abàdìlú. Wọ́n jó gbogbo oko ẹ̀bá odò, wọ́n dí ọ̀nà tó wọ ìlú, wọ́n sì ti iná bọ ẹnubodè títí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fi di eérú, tó wá ku àlàfo gbàgà tí ẹṣin mẹ́ta lè gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni àwọn ìjòyè wá rò pé ó yẹ ní ṣíṣe? Wọ́n ní kí wọ́n lọ wó àká, kí wọ́n fi òpó rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn. Ẹnu àgbà mẹ́rin ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, kò sì sí ìgbà kan tí mo dé ibí yìí tí inú kò bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àká ọ̀hún, nítorí àwọn tó fẹ́ wó o kò fi ojú sílẹ̀ wò ó rí. Abà oko lásán ni Abàdìlú kó tó di ìlú. Jógunósìmí tó tẹ̀ ẹ́ dó kọ́ àká kó tó kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa sùn. Òpó méjìlá tí wọ́n gé lára igi apá ló fi gbé e kúrò nílẹ̀, ó ga tó èjìká ọkùnrin, kí ọ̀rinrin má bàa dé ibi ọkà. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àwo lé orí òpó kọ̀ọ̀kan, kí eku tó bá gùn ún má lè kọjá ibẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi koríko gígé pò ni ògiri rẹ̀. Bẹẹrẹ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kì í fi kan ògiri. Oúnjẹ oṣù mẹ́jọ fún gbogbo ìlú wà nínú rẹ̀, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sì wà lókè àjà.

Ẹfúnróyè, ọmọ Jógunósìmí, ló ń tọ́jú rẹ̀. Abínú-má-ba-nǹkan-jẹ́ ni, ọmọ ẹni tó kó ọkà jọ de ìyàn. Láti ọdún tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ àwọn ìjòyè pé kí wọ́n gé igi pamọ́ fún ẹnubodè. Wọ́n ń ní àwọn ti gbọ́, wọn kò sì gé ẹyọ kan. Nígbà tí Balógun Ọ̀jẹ́dìran dé pẹ̀lú àáké, obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé Ògúnjìnmí kò nílò láti fọ́ ìlẹ̀kùn bí ebi bá lè bá a ṣí i. Ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Balógun ní obìnrin kò mọ ogun. Àṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ogun Balógun ti ń gé òpó igun lẹ́yìn. Òpó náà yẹ̀, ògiri là, ọkà sì ń tú sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹfúnróyè sáré wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká gbé e ró, ó sì ké sí àwọn obìnrin agbo ilé pé kí wọ́n yí odó wá. Odó méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn ni wọ́n fi dá àká dúró.

Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Ó ní, “Balógun, ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ̀rọ̀ títí, àfi bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ṣebí igi lẹ̀ ń wá? Ẹ máa bọ̀.”

Ilé ara rẹ̀ ló kó wọn lọ. Ó gun òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bẹẹrẹ kúrò. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́, kò dáwọ́ dúró. Ó yọ ìtí igi tó gùn jù níbẹ̀, ó jù ú sí ẹsẹ̀ Balógun.

“Ẹ gbé e. Ilé mi kò bọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àká tẹ́ ẹ fẹ́ wó yẹn ló ń bọ́ yín. Ta ni ilé rẹ̀ níyì ju ẹnu ọmọ rẹ̀ lọ nínú yín?”

Balógun sọ àáké kalẹ̀, ó lọ yọ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Àwọn tó kù wá tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, igi ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti di ìlẹ̀kùn ẹnubodè. Ògúnjìnmí kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí. Ó wá jókòó láti fi ebi pa wọ́n. Oṣù méje ni Ẹfúnróyè fi ń fi igbá wọn ọkà fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì ráhùn pé kò tó, á ní kó lọ bá wọn jẹun lẹ́yìn odi. Àwọn tẹ̀yìn odi kò sì rí nǹkan jẹ, nítorí oko tí ì bá bọ́ wọn ni wọ́n ti jó. Nígbà tí òjò dé, wọ́n ń sá lọ ní méjì-méjì títí Ògúnjìnmí fúnra rẹ̀ fi kó àgọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ óò rò pé ìlú ti kọ́gbọ́n. Ọdún yẹn kò tíì parí tí àwọn ìjòyè kan fi ní ogun ti tán, kí àwọn mú òpó àká fi tún ààfin ṣe. Ẹfúnróyè kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó mú un di òfin pé ẹni tó bá fẹ́ yọ òpó kan nínú àká, kó kọ́kọ́ yọ méjì nínú ilé tirẹ̀. Ó sì fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò ní dé fìlà oyè ní Abàdìlú láìjẹ́ pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gún amọ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri àká. Bí àká náà ṣe dúró dòní nìyẹn. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olóyè tuntun kan wọ agbádá funfun dé, ó ní òun yóò rán àwọn bíríkìlà wá bá òun rẹ́ ẹ. Ìyá àgbà ilé Ẹfúnróyè gbé fìlà oyè lé itan, ó ní àwọn yóò dúró dè é. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Olóyè wo amọ̀, ó wo ìyá, ó sì bọ́ bàtà.