Omi Ìwẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ró pọ̀ọ̀, ó já sínú ọpọ́n ìwẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ.

Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ lọ́sàn-án, ó tún ń wẹ̀ lálẹ́. Tó bá ti wẹ̀ tán, Ìyá Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀, á ru omi náà lọ sídìí ẹ̀fọ́. Pẹ́pẹ́yẹ á máa fi orin bú u. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ìdọ̀tí mi gorí Ìgbín
— Ṣáà máa rù ú!
Ó ń gbé e relé
— Ṣáà máa rù ú!

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ le, gbogbo ọgbà gbẹ, àfi ti Ìgbín. Ebi lé Pẹ́pẹ́yẹ débẹ̀, ó jẹ àwo ẹ̀fọ́ mẹ́ta.

"Ìyá Ìgbín, ẹ̀fọ́ yín mà dùn o! Omi wo lẹ ń bù rin ín?"

"Èyí tí o fi fọ ìdí ni, ọmọ mi. Ṣé kí n bù sí i?"

Pẹ́pẹ́yẹ wo àwo, ó wo Ìgbín, ó na àwo.